Owó Ìjókòó

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó ti gba ìwé ọmọ onílùú, ó sì ti ra ilé sí ìgbéríko kan tí wọ́n ti ń gé koríko iwájú ilé bí ìgbà tí bábà bá ń gé irun ọkọ ìyàwó. A kí ara wa tán, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo fẹ́ díje. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé bọ́ọ̀dù ilé-ìwé ni kí n lọ ni, àbí kánsẹ́lọ̀?"

Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo díje rí láyé mi, ipò akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ni. Ìbò kan péré ni mo rí, ìyàwó mi sì wà nínú ìpàdé náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jó ṣáà lè dá ẹni tó ń jó dáadáa mọ̀. Mo jókòó, mo kàwé, mo sì rí ọ̀nà. Mo ń kọ èsì mi síbí kí ọmọ ẹlòmíràn náà lè rí i lò.

Bọ́ọ̀dù ilé-ìwé, mo ní kó gbàgbé ẹ̀. Nílé níbí, gómìnà ló ń yan àwọn tó ń bójú tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́hùn-ún, níbi tó pọ̀ jù, ará àdúgbò ló ń dìbò yàn wọ́n. Àwọn ló ń gba ọ̀gá pátápátá síṣẹ́, àwọn ló ń lé e, àwọn ló ń fọwọ́ sí ìnáwó, àwọn náà ló sì ń sọ ìwé tí ọmọ yóò kà àti èyí tí kò ní kà. Ta ni kò fẹ́ irú agbára bẹ́ẹ̀? Àbùkù rẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọn kì í san kọ́bọ̀. Wàá jókòó di aago mẹ́wàá alẹ́, òbí kan á dìde, á máa na ìka sí ọ nítorí bọ́ọ̀sì tó pẹ́ dé, ìwọ á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́.

Lóòótọ́, ní Los Angeles, ọdún 2017, wọ́n gbé owó àwọn méje tó wà ní bọ́ọ̀dù ilé-ìwé ìlú náà kúrò ní 45,637 dọ́là lọ sí 125,000 lọ́dún fún ẹni tí kò bá níṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá nìyẹn. Ojú ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Ohun tó tún burú nínú bọ́ọ̀dù ilé-ìwé ni pé èèyàn lè gba ohun tó ń sọ gbọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní Dover, ní Pennsylvania. Ní 2004, bọ́ọ̀dù wọn pàṣẹ pé kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ kan sétí àwọn ọmọ kíláàsì bíọ́lọ́jì, pé ẹ̀kọ́ Darwin kò tíì dáni lójú tó, pé ó ní ìwé mìíràn tí wọ́n lè lọ kà. Òbí mọ́kànlá pẹjọ́. Oṣù kọkànlá 2005, ará ìlú fi ìbò gbá àwọn mẹ́jọ dànù. Oṣù kejìlá, adájọ́ ní ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí òfin. Ìgbà tí wọ́n ṣírò owó agbẹjọ́rò àti owó gbà-má-bínú pọ̀, ó di 1,000,011 dọ́là, láti inú àpò ilé-ìwé. Dọ́là mọ́kànlá tó gun orí mílíọ̀nù yẹn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìdààmú ọdún kan gbáko, ọmọ bọ́ọ̀dù kan kò sì rí ìdajì dọ́là jẹ níbẹ̀. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?

Kánsẹ́lọ̀ ni kí ó lọ. Kó má sì lọ kọ́ ọ níbikíbi yàtọ̀ sí Bell, ní California, nítorí ibẹ̀ ni yunifásítì rẹ̀.

Bell ò ju ìlú tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn já láàárín wákàtí kan lọ, ó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Los Angeles. Èèyàn ibẹ̀ lé ní 35,000 ní 2010, tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò àti ìran wọn: òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, agbálẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ méjì lójúmọ́ kí owó ilé lè pé. Ẹni tó ṣiṣẹ́ méjì lójúmọ́ kì í lọ sípàdé lálẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, òun ni ọ̀dà tí wọ́n fi kun gbogbo ilé yìí.

Fún ìlú tó tóbi tó Bell, òfin ìgbà náà fi nǹkan bí 400 dọ́là lóṣù sílẹ̀ fún kánsẹ́lọ̀. Owó kátábá. Nítorí náà, ní ìparí 2005, ìgbìmọ̀ ìlú náà pe ìbò àkànṣe kan: ṣé kí ìlú Bell ní ìwé òfin tirẹ̀? Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn lẹ́nu tó! Ta ni yóò ní kí ìlú òun má ní òfin tirẹ̀? Ohun tí wọn ò kọ sójú pátákó ni pé ìlú tó bá ti ní ìwé òfin tirẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òdiwọ̀n owó oṣù yẹn. Àwọn tó jáde dìbò kò tó 400. Mo ti jẹ ìrẹsì níbi ìkómọjáde tí èrò rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku bí owó yóò ṣe wọlé láì pariwo. Ọgbọ́n tí wọ́n dá, mo bẹ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á. Wọn ò gbé owó oṣù kánsẹ́lọ̀ sókè lójijì, kí ẹnikẹ́ni má baà figbe ta. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ kéékèèké: aláṣẹ ètò ìnáwó, aláṣẹ ilé gbígbé, aláṣẹ ohun-ìní tó ṣẹ́kù, aláṣẹ ìdọ̀tí àti àtúnlò. Kánsẹ́lọ̀ márùn-ún kan náà ni ọmọ ìgbìmọ̀ gbogbo wọn, ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní owó ìjókòó tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó lójú ara yín: àga kan náà, tábìlì kan náà, omi inú ife kan náà. Wọ́n kan òòlù, ìpàdé ìlú parí. Wọ́n tún un kàn, ìpàdé ilé gbígbé bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan sún gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. Ìpàdé ilé gbígbé parí. Wọ́n tún un kàn, ó kan ìdọ̀tí. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fi hàn ní kóòtù pé òmíràn nínú ìpàdé wọ̀nyí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Aláṣẹ ìdọ̀tí yẹn, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé ó kó apẹ̀rẹ̀ pàǹtí kan rí. Bí wọ́n ṣe fẹ́ẹ̀ẹ́ máa gba 100,000 dọ́là lọ́dún nìyẹn, fún iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Mẹ́rin nínú wọn ló ń gbà á o. Ìkarùn-ún, Lorenzo Velez, 8,076 dọ́là ní tirẹ̀ fún odidi ọdún. Ó ń bá wọn jókòó, ó ń bá wọn káwọ́ sókè, kò sì mọ iye tí ẹni tó jókòó tì í ń mú lọ sílé títí ó fi kà á nínú ìwé ìròyìn. Ọkùnrin yìí dà bí ẹni tí wọ́n pè síbi àsè, tó jẹ ẹ̀kọ tútù, tó ní oúnjẹ náà dára púpọ̀, kò mọ̀ pé wọ́n ń pín ẹran nínú yàrá. Ìyà yẹn gbà á lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Òun nìkan ni wọn ò fi ẹ̀sùn kàn.

Kánsẹ́lọ̀ tó gbọ́n kì í jẹ nìkan, ó máa ń bọ́ alákòóso iṣẹ́ ìlú dáadáa. Robert Rizzo ni tiwọn. Wọ́n gbà á síṣẹ́ ní 1993 ní 72,000 dọ́là lọ́dún. Ní 2010 ó ti di 787,637, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó Obama. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà ń gba 457,000. Níbo ni owó ti ń wá? Owó-orí ilé wọn nígbà náà wà lára èyí tó ga jù ní gbogbo agbègbè Los Angeles. Bí ọlọ́pàá bá sì wọ́ ọkọ̀ rẹ lọ nígbà náà, 300 dọ́là kí o tó rí kọ́kọ́rọ́ rẹ.

Àwọn àgbà wa ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni. Rizzo ò gbọ́ Yorùbá. Ó ra ẹṣin eré ìje, ó sì sọ ọ̀kan nínú wọn ní Depenserdel'argent. Ẹ bi àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ tó gbọ́ Faransé: "Ná owó" ni ó ń jẹ́. Ẹṣin tó ń sá kiri pápá pẹ̀lú ẹ̀rí lórúkọ!

Ohun tó tú àṣírí wọn kò tiẹ̀ ti Bell wá. Akọ̀ròyìn Los Angeles Times méjì, Jeff Gottlieb àti Ruben Vives, ń wádìí ìlú tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú wọn, Maywood, ni wọ́n fi kọsẹ̀ lára ti Bell. Oṣù keje 2010 ni ìròyìn náà jáde. Kí oṣù náà tó parí, Rizzo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù kẹsàn-án, wọ́n fi páńpẹ́ ọba mú èèyàn mẹ́jọ. Àwọn òṣìṣẹ́ oníṣẹ́ méjì wọ̀nyẹn, tí wọn kì í wá sípàdé, kún ilé ìgbìmọ̀ títí dé ojú títì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní BASTA. Ní èdè Sípéènì, ìyẹn ni "ó tó gẹ́ẹ́". Àwọn ará Kwara tó lo ọ̀rọ̀ yẹn nígbà ìdìbò 2019, ẹ rí i pé àwọn kan ti ṣáájú yín. Oṣù kẹta 2011, ìbò lé gbogbo kánsẹ́lọ̀ tó kù kúrò lórí àga.

Ní kóòtù, agbẹjọ́rò Oscar Hernandez tó jẹ́ olórí ìlú ṣàlàyé pé ìwé tí oníbàárà òun kà kò pọ̀. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ 100,000 yàtọ̀ sí 4,800. Nínú kánsẹ́lọ̀ mẹ́fà tó jẹ́jọ́, àtẹni tó wà lórí àga àtẹni tó ti kúrò, márùn-ún jẹ̀bi díẹ̀ nínú ẹ̀sùn wọn ní 2013, ọ̀kan lọ láìjẹ̀bi. Rizzo gba ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá ní 2014. Mi ò mọ ẹni tó ń bọ́ ẹṣin náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù rèé. Láti 1953 ni òfin California ti ní kí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn; nígbà tó yá, wọ́n fi kún un pé wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ ìwé ètò rẹ̀ síta ní wákàtí 72 ṣáájú. Yàrá ìpàdé ṣí. Iná ń tàn. Àga òǹwòran tò lọ rẹrẹ. Òfìfo ni.

Gbogbo èyí ni mo tò fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Mo ní, ìwọ ṣáà wá ìlú kékeré, kó jẹ́ ibi tí ó ti rẹ gbogbo èèyàn, kí ìwé ìròyìn sì jìnnà sí i. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ní ìlú tiwa, àwọn màmá àgbà mẹ́ta kan wà. Wọn kì í pa ìpàdé kan jẹ. Iwájú ni wọ́n ń jókòó, wọ́n máa ń mú bíró àti ìwé lọ́wọ́, wọn á sì ní kí wọ́n tún iye owó yẹn kà kí àwọn lè kọ ọ́."

Mo ní kó ta ilé náà.