Ọ̀mọ̀ràn Dátà

Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ ní Òrè láti jẹun kí ẹ tó forí lé Bìní, ẹ wo apá ibi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù. Ọmọkùnrin tó jókòó sórí ọ̀kadà tí kò gbé èrò, tó tẹrí ba bí ẹni ń gbàdúrà, òun ni Ọ̀mọ̀ràn Dátà. Ti Òrè nìkan kọ́ o. Ó ní ẹ̀gbọ́n ní Àkúrẹ́, ó ní àbúrò ní London. Ti Òrè ni mo mọ̀ dunjú.

Láàárọ̀, kó tó fọ ẹnu, ó ti kọ ọ́ síta lórí fóònù pé “kámà ń bọ̀ wá bá yín.” Ta ni “yín”? Ọmọbìnrin tó já a jù sílẹ̀ ní Odígbó ni. Àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà pé ó lè tẹ̀lé èèyàn kọjá ikú, kó bá a dé ayé tó bá tún wá. Ọ̀mọ̀ràn kò ní sùúrù ayé àtúnwá. Ó fẹ́ kí kámà dé kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kó balẹ̀ sórí òrùlé ọmọbìnrin náà bí ẹdùn àrá. “Ẹ̀san” tí ìyá rẹ̀ ń pè létí rẹ̀ láti kékeré wà nílé, kò mú un lò.

Lọ́sàn-án, ó di ti Ifá. Ó wo fídíò ìṣẹ́jú kan, ó sì kéde pé òyìnbó ló jí Ifá gbé fi ṣe kọ̀ǹpútà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù. Odù kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì mẹ́jọ, àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Ẹni tó bá ṣirò rẹ̀ yóò bá 256. Kọ̀ǹpútà náà ń to òdo àti ení ní mẹ́jọ mẹ́jọ, ó ń bá 256. Ìṣirò ni, olè kọ́. Ẹ wá ní kó dárúkọ Odù: ó pe Èjì Ogbè, ó dákẹ́. Ọmọ awo ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹsẹ̀ Ifá lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ní tirẹ̀, dátà ọjọ́ kan ló fi joyè.

Lóṣù tó kọjá, bìlísì ni Èṣù lẹ́nu rẹ̀, torí Bíbélì Àjàyí Crowther fi orúkọ Èṣù pe bìlísì. Lóṣù yìí, ó ti di “agbára àgbáńlá ayé.” Oṣù tí yóò jẹ́ Èṣù tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run kò tíì dé.

Òun náà ló kọ ọ́ pé torí “fáíbíréṣọ̀n” tó pàdé ní Òrè ni wọ́n ṣe ja ìjà 1967 níbẹ̀, èyí tí a fi ń sọ pé ó le kú, ìjà Òrè. Ohun tó pàdé ní Òrè ni títì: ti Èkó, ti Bìní, ti Oǹdó, ti Òkìtìpupa. Èkó ni ọmọ ogun Biafra ń lọ.

Níjọ́ kan, ó ń ṣàlàyé ṣákírà fún bàbá fọkanáísà tó ń lẹ táyà ọ̀kadà rẹ̀. Ó ní méje ló wà lára èèyàn, ó ní tòun ti dí.

“Kí ló ń jẹ́ ṣákírà gan-an, ọmọ mi?”

Ó wá a lórí fóònù. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń yí ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Sanskrit. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ri túùbù bọ inú ọpọ́n omi, ó fìka sí ibi tí omi ti ń hó.

“Kò dí o. Ó jò ni.”

Ẹgbẹ̀rún náírà ni iṣẹ́ náà. Ọ̀mọ̀ràn ní, “Bàbá, ẹ má bínú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kí tíráńsífà lọ. Mà á mú un wá fún yín lọ́la.” Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kọ ọ́ síta pé kámà kì í gbàgbé onígbèsè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rè é, bàbá ò tíì rí kọ́bọ̀.