Ọ̀gá Padà-Wá-Lọ́la

Bí ẹ bá wọ ọ́fíìsì ìjọba ní Nàìjíríà wa yìí ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, tí ẹ bá ẹ̀wù kóòtù lẹ́yìn àga àti awò ojú lórí fáìlì tí a ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ kò rí ọmọ ènìyàn níbẹ̀, ẹ má ṣe jáyà: Ọ̀gá Padà-wá-lọ́la ló ni ìjókòó náà, ọkọ fáìlì, afikóòtù-ṣọ́-àga-lọ-sọ́jà. Ẹ̀wù rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Òun ló lọ bá ìyàwó rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí ó bá dé, kò sí ẹni tó mọ ọmọlúàbí í ṣe tó o. Tíṣà àgbà tó tìtorí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gun àtẹ̀gùn alájà mẹ́ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún gbalaja.

“Bàbá, fáìlì yín kò tíì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè.”

“Òkè wo, ọmọ mi?”

“Òkè náà ni, sà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ padà wá lọ́la.”

Kí bàbá tó dé ẹnu ọ̀nà, mẹ́séńjà yóò ti sá tẹ̀lé e pé fáìlì kò lẹ́sẹ̀, kí wọ́n wá owó ọkọ̀ fún un; bí bàbá bá sì ti tọwọ́ bọ àpò agbádá, fáìlì tó ti wà lókè láti ìgbà òjò yóò yọ lábẹ́ fúláàsì Ọ̀gá. Ẹ má pè é ní rìbá létí rẹ̀, ọpẹ́ ni.

Kì í ṣe pé kò mọ òfin. Ó mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì bí ó bá pé ọmọ 60 ọdún tàbí tí ó bá lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ọmọ 65 ọdún láàárín ẹgbẹ́ tó bá a wọ àǹkárá ọjọ́ ìbí, tí ó sì jẹ́ ọmọ 57 nínú ìwé tí ó búra sí nílé ẹjọ́. Ó mọ ìtàn pẹ̀lú: ìgbìmọ̀ Jerome Udoji gba ìjọba níyànjú ní 1974 pé kí a fi kún owó oṣù, kí a sì máa fi àbájáde iṣẹ́ wọn òṣìṣẹ́, ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ló há sórí.

Òwe tó fi ń dá ara rẹ̀ láre ni pé a kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba làágùn. Àwọn bàbá wa wí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nígbà tí ìjọba jẹ́ ti òyìnbó. Ṣùgbọ́n òyìnbó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ láti 1960. Ọ̀gá kì í làágùn: tíṣà àgbà tó ń gun àtẹ̀gùn ló ń bá a làágùn.