Orúkọ Boycott

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ pé orúkọ ènìyàn ni "boycott" á rò pé ọkùnrin náà ló kọ́ aráyé bí wọ́n ṣe ń pa ènìyàn tì. Rárá o, òun gan-an ni wọ́n pa tì. Charles Boycott ń bá Lord Erne gba owó ilẹ̀ ní Mayo, ní Ireland. Nígbà tó fẹ́ lé àwọn àgbẹ̀ tí kò rí owó san lọ́dún 1880, gbogbo àdúgbò kẹ̀yìn sí i: alágbẹ̀dẹ, alágbàfọ̀, onísọ́ọ̀bù, títí kan àwọn lébìrà inú oko. Àádọ́ta òṣìṣẹ́ ló ti Ulster wá bá a kórè, ṣọ́jà àti ọlọ́pàá tó tó ẹgbẹ̀rún sì ń ṣọ́ wọn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi £10,000 ni wọ́n ná lórí ohun oko tí kò ju £500 lọ. Pòtétò wo ló tún jẹ irú ọlá bẹ́ẹ̀ rí?

Ẹnìkan lè ní àṣà náà ti wà tipẹ́. Òótọ́ ni, Parnell, olóṣèlú Ireland, pàápàá ti gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn rẹ̀ nílùú Ennis kí ọ̀rọ̀ Boycott tó bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà tí kò lórúkọ kì í rìn jìnnà. Wọ́n ní àlùfáà àdúgbò náà ló rí i pé "ostracise", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún pípa ènìyàn tì, ti wúwo jù lẹ́nu àgbẹ̀, ló bá fa orúkọ aládùúgbò rẹ̀ lò. Lord Erne tó ni ilẹ̀, tó ni owó, orúkọ tirẹ̀ kò di nǹkan kan.