Mo Jà fún Owó Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ máa ń bà mí. Kì í tilẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́ nìkan. Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ tì bọ ara mi ni. Nígbà tí mo gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà àkọ́kọ́ ní ọdún 2021, apá mi wú, mo dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, ìyàwó mi ń fún mi ní ẹ̀kọ mímu bí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá ọjọ́ ìkejì fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni iṣẹ́ já lù mí lójijì. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ yẹn ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ rò yìí, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń sọ fáyé gbọ́ nígbà náà ni pé ẹ̀tọ́ mi ni mò ń jà fún.

Peckham là ń gbé, ní gúúsù London. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, a gbọ́ pé olórin wa kan ń bọ̀ láti Èkó, yóò ṣeré lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan tó ń gba ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn lọ. Bàbá Ṣèyí tó ń gbé lókè wa ló fi kírẹ́díìtì káàdì wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin: tiwọn, ti Ìyá Ṣèyí, tèmi àti ti ìyàwó mi. Pọ́ọ̀nù 45 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó tà á sì tún bu pọ́ọ̀nù 6 lé e. Gbogbo rẹ̀ di 204. Ìdajì rẹ̀, 102, di gbèsè lọ́rùn mi. Mo san 40 lójú ẹsẹ̀, mo ní màá san ìyókù níparí oṣù. Mi ò sọ oṣù wo.

Ó di ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, Boris Johnson, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní láti ọjọ́ 15, ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó fẹ́ wọ ibi tí èrò ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ ní England, gbọ́dọ̀ fi NHS COVID Pass, ìwé ẹ̀rí àjọ ìlera ìjọba, hàn: yálà kó ti gba abẹ́rẹ́ méjì, tàbí kó ti ṣe àyẹ̀wò láàárín wákàtí 48 tó fi hàn pé kò ní kòrónà.

Mo fò dìde. “Ẹ wo ìrẹ́jẹ! Wọ́n tajà fún èèyàn tán, wọ́n wá ń yí òfin padà!”

Ìyàwó mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. “Bàbá Tósìn, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò yẹn. Mo ti gba páálí kan nílé oògùn ní Rye Lane. Ẹ ó ti igi òwú bọ imú, ẹ ó yí i, ó tán.”

Imú mi! Mo ní rárá, wọn ó dá owó mi padà ni. (Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 13, orí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba ń sọ pé páálí àyẹ̀wò ti tán, àwọn èèyàn ń wá a kiri bí ẹni ń wá epo bẹntiróòlù lákòókò ọ̀wọ́n. Tiwa wà lórí fíríìjì, mò ń fi ojú burúkú wò ó.)

Mo kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin sí àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo pè wọ́n ní ọlọ́ṣà tó wọ táì. Mo wá fa òfin yọ: òfin ọdún 2013 tó ní ẹni tó bá rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè dá a padà láàárín ọjọ́ 14. Inú bọ́ọ̀sì 12 ni mo ti kà á lórí fóònù, ibi tí mo ti máa sọ̀ kalẹ̀ sì dé kí n tó kà á tán. Apá tí mi ò kà ló sọ pé òfin náà ò kan eré tó ní ọjọ́ pàtó. Ká tiẹ̀ ní ó kàn mí, láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kejìlá, ọjọ́ 14 ti bímọ, ó ti ní ọmọ-ọmọ.

Èsì wọn ò bọ́ sọ́dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ló lọ. Bàbá Ṣèyí kanlẹ̀kùn wa pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò, fóònù lọ́wọ́.

“Wọ́n ní mo pè wọ́n ní ọlọ́ṣà. Ìgbà wo? Wọ́n tún ní ṣé mo fẹ́ dá tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Èmi tí mo ti gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta!”

Wọ́n ka ìyókù rẹ̀ sí mi létí. Ó wà nínú àdéhùn tí a fọwọ́ sí pé ẹni tó bá ń bọ̀ yóò tẹ̀ lé òfin ìlera tí ìjọba bá gbé kalẹ̀. Bàbá Ṣèyí bọ́ awò ojú wọn. “Mo fẹ́ kà á lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ lo dúró sẹ́yìn mi tí ò ń sọ pé kí n kàn fi àmì sí i, kí tíkẹ́ẹ̀tì má baà tán.”

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni.

Síbẹ̀ mi ò sinmi. Lọ́jọ́ 14, mo jókòó ti tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù, kí n lè rí bí àwọn aṣòfin yóò ṣe da òfin Pass náà nù. Ju 90 lọ nínú ẹgbẹ́ Johnson fúnra rẹ̀ ló kẹ̀yìn sí i. Mo ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ka ìbò: 369 fara mọ́ ọn, 126 kọ̀. Àwọn alátakò ti bá ìjọba gbè é. Mo paná tẹlifíṣọ̀n, mo lọ sùn láìjẹun.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ìgò Guinness méjì tu Bàbá Ṣèyí lójú, kí wọ́n lè bá mi pe báńkì wọn. Mo ti gbọ́ nípa Abala 75 nínú òfin ọdún 1974, tó ní tí nǹkan tí èèyàn fi kírẹ́díìtì káàdì rà bá ju pọ́ọ̀nù 100 lọ, tí kò sì kọjá 30,000, báńkì náà yóò jọ dáhùn pẹ̀lú ẹni tó tà á bó bá kùnà. Igba ó lé mẹ́rin ni tiwa! Ọmọbìnrin tó gbé fóònù fara balẹ̀ títí mo fi rojọ́ tán. Ó wá béèrè iye tí tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́. Mo ní 45. Ó ní iye ọ̀kọ̀ọ̀kan ni òfin ń wò, kì í ṣe àpapọ̀. Ó tún ní, kí tilẹ̀ ni ẹni tó tà á kùnà? Ṣé eré náà ò ní wáyé mọ́ ni? Mo ní yóò wáyé. Ṣé wọ́n yí ọjọ́ padà? Rárá. Ṣé wọ́n ní kí n má wọlé ni? Mo wo páálí tó wà lórí fíríìjì.

Ká ní àwọn elére fúnra wọn ló jí lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní ẹni tí kò bá wọ bàtà pupa ò ní wọlé, òfin oníbàárà ọdún 2015 ì bá fún mi lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìlú ni èyí, ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀nà àtiwọlé. Imú ni wọ́n ń béèrè.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo gbà fún Ọlọ́run. Ní aago márùn-ún géérégé, kí n má baà tún yí ọkàn padà, mo ti igi òwú bọ imú. Mo sín ní ìgbà mọ́kànlá. Mi ò ní kòrónà. NHS fi Pass ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì ń yan kiri ilé bí jagunjagun.

Sátidé, aago méje kọjá díẹ̀, a dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá Ṣèyí wọlé. Ìyá Ṣèyí wọlé. Ọmọkùnrin ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀, ọmọ wa ni, ó wo fóònù mi, ó tún un wò. “Ẹ má bínú, sà. Wákàtí 48 yín ti pé láago márùn-ún.”

Ìyàwó mi ní ṣé kí òun bá mi padà. Mo ní rárá. Kí n tó sọ “rá” kejì, ó ti wọlé. Ó bojú wẹ̀yìn láti inú lọ́hùn-ún, ó ń pariwo nǹkan kan, ó ń fọwọ́ lu àyà léraléra. Ìlù ò jẹ́ kí n gbọ́. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Èmi náà fọwọ́ lu àyà tèmi, mo juwọ́ sí i.

Ilé ni mo ti bọ́ kóòtù tí mo rí páálí àyẹ̀wò tuntun kan nínú àpò inú, ní oókan àyà.

Ní oṣù Kínní, ìyàwó mi ló kọ lẹ́tà kejì, ó ní kí Bàbá Ṣèyí fi ránṣẹ́. Ìlà mẹ́rin ni. Wọn ò jẹ wá ní gbèsè, ọkọ òun ló ṣi wákàtí kà, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣòfò, bí wọ́n bá lè ṣàánú wa, inú wa yóò dùn. Wọ́n ní àwọn yóò dá 45 padà, ṣùgbọ́n pọ́ọ̀nù 6 ti lọ nìyẹn. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, ìjọba fagi lé òfin Pass. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ṣèyí kanlẹ̀kùn.

“Owó ẹ ti wọlé sórí káàdì mi. Mo ti yọ ọ́ nínú gbèsè. Ó ku 17.”

Mi ò rí ẹnu jiyàn. Káàdì tí wọ́n fi rà á ni owó ń padà sí.

Wọ́n jókòó, wọ́n fi awò sójú. Wọ́n ní eré mìíràn ń bọ̀ ní oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, a ó jọ ka àdéhùn náà tán kí ẹnikẹ́ni tó fi àmì sí nǹkan kan. A kà á. Lójú ewé kẹfà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé báàgì kò gbọdọ̀ tóbi ju ìwé A4 lọ.

Ìyàwó mi yíjú láti ìdí dòdò tó ń dín. Ó wo báàgì rẹ̀ lórí àga, báàgì tí Tósìn lè sùn sí. Ó wá wò mí.

“Ẹ má kọ lẹ́tà o,” ó ní.