Ẹjọ́ Afárá Carter ní Ìsọ̀ Ẹlẹ́mu

Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ ní Afárá Carter tó so Ìdúmọ̀tà mọ́ Ìddó ti kọjá àtúnṣe, àfi kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ tuntun. Ìddó ti Èkó o, kì í ṣe Ìdó-Èkìtì. Àwa ará Èkìtì ò lọ́sà. Síbẹ̀, ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu kan ní Ọ̀yẹ́, ẹjọ́ náà ò tán bọ̀rọ̀.

“Láti 1901 ló ti ń gbẹ́rù, ẹ jẹ́ ó sinmi!”

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní irọ́ ni. Wọ́n ti tú ti ayé òyìnbó ká nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, wọ́n sì kọ́ èyí. Ọmọ tó jogún orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Bí afárá náà ò ti kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni kò sẹ́ni tí rélùwéè gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nínú wọn. 1901 náà lọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Ó gba Òṣogbo, ó gba Ọ̀fà, ó wo òkè Èkìtì lọ́ọ̀ọ́kán, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá kan láti Ìkọ̀lé gbé igbá ẹmu kalẹ̀. “Kí wọ́n wó o. Kí wọ́n ṣáà kó irin rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.”

“Kọnkéré ni o, Bàbá.”

“Kí wọ́n kó o bẹ́ẹ̀. Odò ọ̀nà oko mi kì í ṣa nǹkan.”