Ìrẹsì Tó Pa Òfin Kónílé-ó-gbélé Mọ́

Òfin kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn Kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá lálẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020. Gbogbo wa la gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló pa á mọ́ nínú wa? Ẹni tó ń jẹ òógùn òòjọ́ ń gba ẹ̀yìnkùlé yọ́ jáde. Ọlọ́pàá tó ní ká wọlé, títì lòun fúnra rẹ̀ wà, ó ń gba rìbá lọ́wọ́ àwọn tí kò wọlé. Nínú gbogbo ẹ̀dá tó wà ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn, àpò ìrẹsì ìrànwọ́ nìkan ló wọlé, tó tilẹ̀kùn mọ́rí, tí kò sì yọjú síta. Oyè tọ́ sí i.

Ká má purọ́ mọ́ ìjọba o, wọ́n wá wa. Ìjọba àpapọ̀ ní ₦20,000, owó oṣù mẹ́rin, wà fún àwọn tálákà tí orúkọ wọn ti wà nínú ìwé. Tálákà ìgboro tí kò sí nínú ìwé ńkọ́? Mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn, Sadiya Umar Farouq, ní àwọn yóò wo ẹni tí káàdì tó ń rà sórí fóònù kò ju ₦100 lọ, àti ẹni tí owó rẹ̀ ní báǹkì kò ju ₦5,000 lọ. Ọgbọ́n ńlá! Ẹni tí kò ní fóònù rárá, tí kò sì mọ ẹnu ọ̀nà báǹkì, ó ti rí jájẹ nìyẹn.

Ilé ìwé tì, oúnjẹ ilé ìwé kò tì. Mínísítà kan náà ṣàlàyé pé ìdílé 124,589 ní Àbújá, Èkó àti Ògùn gba oúnjẹ ₦4,200 ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù ₦523.3. Mo ṣírò rẹ̀, ó pé pérépéré. Ọmọ tó jẹ ẹ́ ni n kò tíì pàdé.

Àwọn kan tiẹ̀ jẹun lásìkò. Ní oṣù Kẹrin, kọ́sítọ́ọ̀mù kó àpò ìrẹsì 1,800 fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìgbà tí wọ́n máa tú u, kòkòrò ti dé ibẹ̀ ṣáájú, ni ìjọba Ọ̀yọ́ bá ní kí wọ́n gbé e padà. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn. Ní tèmi, mo kan sáárá sí wọn. Wọn ò kọ fọ́ọ̀mù, wọn ò to ìlà, wọn ò mọ káńsẹ́lọ̀ kankan, síbẹ̀ ìrànwọ́ kàn wọ́n.

Ìrẹsì tó tilẹ̀kùn mọ́rí ńkọ́? Kò yọjú, àfi ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, tí àwọn ọ̀dọ́ já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, l'Ékòó. Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì. Ìrẹsì rèé, gààrí rèé, indómì, ṣúgà, iyọ̀, gbogbo wọn jókòó pẹ̀sẹ̀. CACOVID, àjọṣe àwọn olówó àti báǹkì, ló ra ẹrù náà, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kì í ṣe títà. Òótọ́ ni, kì í ṣe títà. Kì í sì í ṣe fífúnni. Àwọn gómìnà ní àwọn kan ṣì ń pín tiwọn lọ́wọ́, pé àwọn mìíràn sì tọ́jú díẹ̀ de ìgbà tí àrùn náà bá tún padà wá. Ebi ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n ń fi oúnjẹ dè; ti àkọ́kọ́, àwẹ̀ ni ká kà á sí.

Ní Adamawa, níbi tí wọ́n ti já ilé ìkẹ́rùsí bákan náà, gómìnà fún àwọn tó kó ẹrù ní wákàtí 12 kí wọ́n dá a padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn agbófinró á máa tú ilé kiri. Ṣé ẹ rí i pé ojúlé wa kò sọnù?

Owó kan ṣáà wà tó dé ọwọ́ aráàlú. Báǹkì àpapọ̀ ya bílíọ̀nù ₦50 sọ́tọ̀ fún ìdílé àti oníṣòwò kéékèèké, báǹkì NIRSAL ló yá wọn lówó náà. Ọ̀pọ̀ tó gbà á ló rò pé ìpín tiwọn nínú epo rọ̀bì ló dé, wọ́n ṣe ìdúpẹ́. Ẹ̀yáwó ni, ó sì ní èlé. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n fi BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báǹkì, tọpasẹ̀ onígbèsè láti báǹkì dé báǹkì. Ẹni tó bá tọ́jú owó ọjà sí ibòmíràn, wọ́n á yọ ọ́ níbẹ̀. Wọn ò sì béèrè iye káàdì tó ń rà.