Ọ̀gá Físà

Bí ẹ bá gun òkè Ikpoba ní Bìní kúrò létí odò, tí ẹ wọ Oregbeni, ẹ ò ní pẹ́ rí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Físà. Òun ló lẹ àsíá orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi mọ́ ògiri, tó gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, tó sì jókòó ti kọ̀ǹpútà kan tí lẹ́tà ti pa rẹ́ lára bọ́tìnnì rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ti Oregbeni, ẹ ó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Uselu.

Ohun tí kì í ṣe ló kọ́kọ́ máa ń sọ. "Èmi kì í ṣe ti Líbíyà o!" Láti oṣù kẹta ọdún 2018 tí Ọba Bìní, Ewuare Kejì, ti ṣépè fún àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ tà sókè òkun, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun mọ́ ọ̀nà aginjù. "Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni tèmi. Ìjọba ni mò ń bá ṣe."

Òótọ́ ni. Àmọ́ fọ́ọ̀mù tí ìjọba gbé síbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé tó ní fóònù lè kọ ọ́. Nítorí náà iṣẹ́ Ọ̀gá gan-an ni kó sọ ọ́ di ẹ̀rù jẹ̀jẹ̀. Á mí kanlẹ̀, á mi orí, á yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí ẹ má baà rí i pé ọjọ́ ìbí bàbá yín ni wọ́n ń bèèrè. Owó físà ìbẹ̀wò Ìlú Ọba di £127 ní oṣù kẹrin ọdún 2025, gbangba ló wà. Ti Ọ̀gá kò sí níbì kankan. "Owó ìmọ̀" ló ń pè é, ojú yín ló sì fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ wo màmá ẹlẹ́lùbọ́ kan láti ọjà Oregbeni.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe lọ́hùn-ún, Mà?"

"Ọmọ mi ló bímọ. Mo fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ."

Ọ̀gá fọwọ́ di etí. "Ha! Màmá, ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ọ mọ́! Ẹ̀yin ń lọ gbafẹ́ ni. British Museum lẹ ń lọ."

Òfin Ìlú Ọba kò ní kí ìyá má lọ wo ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀fẹ́ ni, kò sì sẹ́ni tó ń san owó ìmọ̀ lórí ọ̀fẹ́. Bí Ọ̀gá ṣe kọ ọ́ nìyẹn pé láti kékeré ni ojú màmá ti ń pọ́n láti rí ère Ìyọba Idia, èyí tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti yá Nàìjíríà fún àjọ̀dún FESTAC ní 1977. Màmá yìí kò tíì dé Igun Street rí, níbi tí wọ́n ti ń rọ idẹ nínú Bìní níbí.

"Ère Bìní tó wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ lé ní 900, Mà."

"Ta ló kó wọn débẹ̀?"

"Àwọn náà ni. Ní 1897. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí fọ́ọ̀mù kọ."

Nígbà tó fi máa parí, ẹlẹ́lùbọ́ ti di olùdarí ilé-iṣẹ́ tó ń kó oúnjẹ ránṣẹ́ sókè òkun. Ó ku àkáǹtì. "A máa bu owó sí i." Owó àyálò ni, á sùn síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sì gbé èlé padà sọ́dọ̀ olówó. Bẹ́ẹ̀, owó ńlá tó já wọlé lójijì ni àwọn tó ń yẹ ìwé wò ń wá ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ká irọ́ mọ́ni lọ́wọ́, ọdún 10 gbáko lèèyàn ò fi ní í wọ ilẹ̀ wọn. Ọ̀gá mọ̀, kì í ṣe orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí ìwé. Fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà, DS-160, tilẹ̀ bèèrè bóyá ẹnì kan bá ọ kọ ọ́. Ọwọ́ Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa ń tẹ "Rárá".

Màmá wọkọ̀ lọ Èkó, ó tẹ̀ka, ó padà. Èsì dé: wọn kò fún un. "V 4.2," ni Ọ̀gá wí, bí ẹni ń ka Sáàmù. "Wọn ò gbà pé ẹ máa padà wálé."

"Èmi tí mo ní ìsọ̀ lọ́jà, tí àwọn oníbàárà ń dúró dè, ibo ni mo fẹ́ sá lọ?"

"Ìyẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù, Mà."

Kó tó dákẹ́ ó ti ṣí òmíràn. Yúróòpù ló kàn báyìí, ṣùgbọ́n inú ń bí i. Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ère Bìní padà ní 2022. Họ́láńdì dá 119 padà ní 2025.

"Wọ́n fẹ́ ba iṣẹ́ wa jẹ́ ni," ló ń kùn. "Bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ wálé tán, kí la fẹ́ máa kọ síbẹ̀ pé a ń lọ wò?"